Ìyá Abẹ́ Amọ̀ àti Ẹni Tó Rò Ó Sọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí màmá àgbà mi kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irọ́ túmọ̀ rẹ̀: àròsọ. Bí ẹnìkan bá sọ lágbo ilé wa pé, "Ẹ má dá a lóhùn, àròsọ ni," wọn á gbójú sókè lórí ìkòkò tí wọ́n ń mọ. "Ta ló rò ó?" ni wọ́n máa ń bi onítọ̀hún. "Kí ló sì ń rò tó fi sọ ọ́?" Lẹ́yìn náà, wọn á padà sídìí iṣẹ́ wọn. Mo gbọ́ ìbéèrè méjèèjì yìí láìmọye ìgbà kí n tó mọ̀ pé ara wọn ni wọ́n ń bi.

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a sin wọ́n sẹ́yìn ilé ní Ìlá. Mi ò fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Mi ò mọ ọdún tí a bí wọn, ohun tí àwọn tó ní àwọn mọ̀ ọ́n sì ń sọ fi ju ọdún mẹ́wàá lọ yàtọ̀ síra. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ kọ. Níbi tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló sọ fún mi, màá sọ bẹ́ẹ̀.

Ìkòkò ni Màmá Àgbà ń mọ. Nígbà tí wọ́n bá sun ìkòkò tán, tí eérú ti tutù, wọ́n máa ń fi oríkèé ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á dẹ etí. Èyí tó bá dún gbangba, wọn á gbé e sápá ọ̀tún. Èyí tó bá dún bí igi tó ti jẹrà, wọn á gbé e sókè, wọn á fọ́ ọ mọ́lẹ̀, ì báà jẹ́ pé ojú kò rí ìlà kankan lára rẹ̀. Ó máa ń dun àwọn obìnrin ilé. Ìyá Fọlá, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, di ọwọ́ wọn mú lọ́jọ́ kan lórí àmù ńlá kan.

"Háà, Màmá! Àmù gidi! Ẹ jẹ́ kí n kúkú kó àgbàdo sí i."

"Ó ti là."

"Níbo ló ti là? Èmi ò mà rí nǹkan kan."

Wọ́n gba ọwọ́ wọn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fọ́ àmù náà. "Ojú tìrẹ ni kò rí i," ni wọ́n wí. "Iná ti rí i."

Àwọn ará ilé máa ń sọ pé Màmá Àgbà kò mọ ẹ̀rù. Mi ò gbà. Mi ò tíì rí ẹni tí ẹ̀rù ń bà tó wọn. Ohun tó mú kó ṣòro láti mọ̀ ni pé wọ́n máa ń fún ẹ̀rù wọn ní iṣẹ́ ṣe. Bí a bá lọ wa amọ̀, tí òjò bá ṣú níbi tó jìnnà, àní ní apá Òkè-Ìlá, wọn á ní kí gbogbo wa jáde kúrò nínú kòtò. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ògiri kòtò. Nílé wa, a kì í fi ẹnu ka ọmọ ẹni, nítorí náà àpáàdì ni wọ́n fi ń mọ iye wa. Olúkúlùkù wa ló ní àpáàdì tirẹ̀ nínú igbá kan. Bí o bá ń wọ kòtò lọ, wàá mú tìrẹ, wàá fi lé Màmá Àgbà lọ́wọ́. Bí o bá jáde, wọn á dá a padà sínú igbá lójú rẹ. Tèmi jẹ́ etí ìṣasùn dúdú kan, ó tẹ̀ kọdọrọ. Ṣùgbọ́n àpáàdì kan wà tí kò ní ẹni. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó pupa, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti dán nítorí fífọwọ́kàn. Ó máa ń wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí gbogbo tiwa bá ti padà sínú igbá. Mo béèrè nígbà kan pé ta ló ni ín.

"Ti ẹni tó ń pẹ́ bọ̀ ni," ni wọ́n wí.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń wa amọ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Amọ̀ dúdú tó dára máa ń wà lábẹ́ ilẹ̀ pupa. Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí a kọ́kọ́ kó ilẹ̀ pupa kúrò láti òkè, kí a la kòtò gbọọrọ, kí a máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́rin kí ọwọ́ tó kan amọ̀. Ọ̀nà àbùjá wà. Èèyàn lè gba ẹ̀gbẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọlé, kó máa tẹ̀ lé amọ̀ lọ sínú bí eku tó ń gbẹ́ ihò, kó fi ilẹ̀ pupa sílẹ̀ lókè orí rẹ̀ bí àjà. Ní wákàtí kan, agbọ̀n ti kún. Màmá Àgbà lè dárí ji ẹni tó bá fọ́ ìkòkò wọn, wọn kì í dárí ji ẹni tó bá wa amọ̀ báyẹn. Ṣùgbọ́n ní òdìkejì odò, lẹ́yìn igi ọ̀pẹ kan, kòtò àtijọ́ kan wà tí wọ́n wa bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ẹnu ẹni tó sùn. Amọ̀ inú rẹ̀ kúnná ju ti ibikíbi lọ. Inú rẹ̀ ni Ìyá Abẹ́ Amọ̀ ń gbé.

Bàbá mi ń ṣe tíṣà ní Iresi, ọ̀dọ̀ Màmá Àgbà ni mo sì dàgbà sí, torí náà mo gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu wọn fúnra wọn. Ọ̀sán gangan ni wọ́n máa ń sọ ọ́, nígbà tí a bá ń fi ẹsẹ̀ po amọ̀. Kì í ṣe àlọ́: kò ní orin, kò sì ní ìjàpá. Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń júwe ará ilé kejì. Wọ́n ní obìnrin kan wà lábẹ́ amọ̀ tí òun náà ń mọ ìkòkò, ṣùgbọ́n iná kò sí níbẹ̀, èémí ọmọ kékeré ló fi ń sun tirẹ̀.

"Ṣé ó lójú, Màmá?"

"Kò lójú. Amọ̀ ti bò ó."

"Báwo ló ṣe wá ń rí wa?"

"Kì í ríran. Ó ń gbọ́."

"Kí ló ń gbọ́?"

"Ẹsẹ̀," ni wọ́n wí.

Kò sí ọmọ kan nínú agbo ilé wa tó kọjá igi ọ̀pẹ yẹn. Bí ewúrẹ́ bá lọ síbẹ̀, ewúrẹ́ lọ nìyẹn.

Nígbà tí mo wọ ilé-ìwé girama, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìtàn náà wò. Mo bi àwọn àgbà amọ̀kòkò ní Ọ̀tan Ayégbajú, mo ní kí bàbá mi bá mi béèrè ní Iresi. Kò sẹ́ni tó mọ Ìyá Abẹ́ Amọ̀. Nílé wa nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ọjọ́ orí rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Àwọn kan ti ń gbé ẹ̀kọ lọ sídìí igi ọ̀pẹ. Ọkùnrin kan ládùúgbò wa ní bàbá bàbá òun bá a pàdé. Òmíràn sọ lójú mi pé àtìwáṣẹ̀ ni, pé ó tẹ̀ lé àwọn baba ńlá wa láti Ifẹ̀. Mo sáré lọ sọ èyí fún Màmá Àgbà, mo rò pé wọn á rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ọwọ́ tó ní amọ̀ gbá orúnkún wọn mú.

"Ó ti dàgbà jù mí lọ," ni wọ́n wí.

Mi ò mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì pé ọdún kan tí mo fi mọ̀ ọ́n.

Ìgbà ọyẹ́ ni, mo wá sílé fún ìsinmi. Ọdún tó ṣáájú ni àbúrò bàbá mi, Láyí, gbé ìyàwó láti Ọ̀tan, a sì ń pè é ní Ìyàwó Ọ̀tan. Ó fẹ́ràn ẹ̀rín. Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ ló ń pè mí, torí kò lè dárúkọ mi. Ó bí ọmọ obìnrin, Dúpẹ́, ọmọ náà kò sì tíì lè jókòó. Òun náà mọ ìkòkò mọ láti ilé wọn. Lọ́jọ́ kan ó kọjá odò, ó rí kòtò tí ẹnikẹ́ni kò dé, ó rí amọ̀ tó kúnná bí èlùbọ́, ó sì gbé agbọ̀n kan wálé. Kò sẹ́ni tó tíì sọ ìtàn náà fún un. Àwa rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Mo ti rò ó títí, mi ò sì rí ẹlòmíràn tí mo lè dá lẹ́bi ju àwa tí a ń bá a jẹun lójoojúmọ́ lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni èéyi wọ agbo ilé. Ọmọ méjì ló kú, ti Ìyá Fọlá ni méjèèjì. Fọlá ló kẹ́yìn.

Baálé ilé wa pe ìpàdé síwájú ilé lọ́wọ́ ọ̀sán. Agbọ̀n amọ̀ yẹn wà láàárín, wọ́n fi ewé kókò bò ó. Ìyàwó Ọ̀tan kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Dúpẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Láyí wà lóko kòkó; wọ́n ti ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà jìn. Ìyá Fọlá kò pariwo. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

"Ẹ má lù ú," ni Ìyá Fọlá wí. "Èmi ò ní kí ẹ lù ú. Ohun tó gbé wálé ni kó gbé padà. Kó pọn ọmọ rẹ̀, kó wọ inú ibẹ̀ lọ títí dé ibi tó ti bù ú, kó kúnlẹ̀ bẹ Ìyá Abẹ́ Amọ̀. Bí wọ́n bá jáde, wọ́n jáde."

"Ẹ gbà mí," ni Ìyàwó Ọ̀tan ń wí. "Mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ rárá." Ó wo ọ̀dọ̀ mi. "Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀, ẹ bá mi sọ fún wọn."

Mi ò sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ kí èyí wà lákọsílẹ̀ pẹ̀lú.

Baálé ti gbé ọwọ́ sókè láti fọwọ́ sí i nígbà tí Màmá Àgbà dìde. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo rò ó sọ."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìyá Fọlá yí ojú sí wọn. "Màmá, ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Fọlá pè é lórúkọ kó tó kú. Létí èmi báyìí."

"Ẹnu mi ló ti gbọ́ orúkọ náà, ọmọ mi." Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. "Àṣàkẹ́, àkọ́bí mi, ló kú síbẹ̀. Gbogbo ẹ̀yin àgbà mọ̀. Ẹ rò pé fúnra rẹ̀ ló kó sínú ihò yẹn. Irọ́ ni. Ọjọ́ ọjà ti sún mọ́, mo ń kánjú, mo ní kó má wulẹ̀ la òkè, kó gba abẹ́ wọlé. Èmi ni mo dúró síta tí mo ń ní, 'Wọlé sí i, wọlé sí i.' Ilẹ̀ ló pa á. Èmi ni mo rán an. Mi ò lè máa sọ ìyẹn fún ọmọdé lójoojúmọ́ kí wọ́n má baà lọ síbẹ̀. Mo rò, mo rò, mo sì sọ ohun tí ẹnu mi lè gbé."

Mo ti ka oríṣiríṣi ẹjọ́ látìgbà náà, mi ò sì tíì rí ẹ̀rí tó lágbára tó èyí: ẹni tó dá ìtàn sílẹ̀ dúró, ó ní irọ́ ni, ó sì fi ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Mo wo ojú àwọn èèyàn. Mo rò pé ó ti tán. Nígbà náà ni Baálé mi orí, tàánútàánú, ó sì pè wọ́n ní orúkọ tí mi ò gbọ́ rí.

"Ìyá Àṣàkẹ́," ni Baálé wí, "ẹ ò wá rí i? Ó ti kọ́kọ́ mú tiyín."

Ariwo gba ìta. Ohun tó yẹ kó wó ìtàn náà ló di òpó tó gbé e dúró. Màmá Àgbà wo gbogbo èèyàn náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣí ewé kókò kúrò, wọ́n gbé agbọ̀n amọ̀ náà lé orí.

"Bó bá jẹ́ pé amọ̀ ló ń béèrè, ẹ jẹ́ kí n dá a padà," ni wọ́n wí. "Ẹ̀yin ò kúkú mọ̀ ọ́n tó mi."

Kò sẹ́ni tó lè dá àgbà ìyá bẹ́ẹ̀ dúró, bóyá kò sì sẹ́ni tó fẹ́. A tẹ̀ lé wọn dé òdìkejì odò. Nídìí igi ọ̀pẹ, wọ́n fi ẹsẹ̀ fa ìlà sílẹ̀, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá rẹ̀. Wọ́n tú ìdí ìró wọn, wọ́n mú àpáàdì pupa tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn jáde, wọ́n fi há àárín ìka. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì wọlé.

Mi ò bẹ̀rù Ìyá Abẹ́ Amọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti gba ọ̀rọ̀ Màmá Àgbà gbọ́. Òkè ihò yẹn ni mò ń wò. Ìlà kan wà nínú ilẹ̀ pupa náà, ó gùn láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, mo sì ń rí yẹ̀pẹ̀ tó ń dà sílẹ̀ láti inú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tó ń dáwọ́ dúró, tó tún ń dà. Àwọn tó kù ń wo ẹnu ihò bóyá nǹkan á yọ. Èmi nìkan ni mò ń wo òkè. Mo gbọ́ ohùn wọn nínú lọ́hùn-ún, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń jí ọmọ lójú oorun. Àwọn kan sọ títí dòní pé Ìyá Abẹ́ Amọ̀ ni wọ́n bá sọ̀rọ̀. Èmi gbà pé Àṣàkẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan pàtó, mi ò lè búra.

Wọ́n fi ìkúnlẹ̀ jáde. Amọ̀ ti bo orí wọn, ó bo ojú wọn mọ́lẹ̀ débi pé kò sí ohun tó jọ ojú mọ́. Àwọn ọmọdé figbe ta, wọ́n sá. Àgbàlagbà méjì sá pẹ̀lú. Ìyá Fọlá nìkan ló kọjá ìlà, ó fi ìró rẹ̀ nu ojú wọn, ó ń sunkún. Ọwọ́ tí wọ́n fi mú àpáàdì wọlé ṣófo.

"Ẹ lọ sílé," ni wọ́n wí. "A ti pé."

Ọjọ́ kejì, láìsí òjò, apá kan ihò náà wó. Èéyi kásẹ̀ nílẹ̀ láàárín oṣù yẹn, bí èéyi ṣe máa ń ṣe. Kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kan Ìyàwó Ọ̀tan. Gbogbo ìlú ní Ìyá Abẹ́ Amọ̀ ti gba nǹkan rẹ̀, ó sì ti ti ilẹ̀kùn. Mo bínú. Mo bi Màmá Àgbà pé kí ló dé tí wọn ò tún pe àwọn èèyàn jọ, kí wọ́n tún un sọ.

"Mo sọ ọ́, o wà níbẹ̀."

"Ṣé ẹ̀yin náà ti wá gbà pé ó wà ni?"

Wọ́n fi oríkèé ìka kan ìkòkò tó wà níwájú wọn, wọ́n dẹ etí, wọ́n gbé e sápá ọ̀tún. "Mi ò gbà pé ó wà," ni wọ́n wí. "Mo kàn ń bẹ̀rù rẹ̀ ni."

Mo lọ sí yunifásítì pẹ̀lú gbólóhùn yẹn lọ́kàn, mo kà á sí àìlera àgbàlagbà. Mo rò pé ẹni tó bá mọ ibi tí ìtàn ti wá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta tí a sin wọ́n, Dúpẹ́ fà mí láṣọ. Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ní ẹ̀rín ìyá rẹ̀. "Àǹtí, ṣé lóòótọ́ ni Màmá gbà mí lọ́wọ́ Ìyá Abẹ́ Amọ̀?"

Mo ti ń múra èsì yìí sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo mú un lọ́wọ́, a kọjá odò, a dúró nídìí igi ọ̀pẹ. Apá ibi tí kò wó ṣì yọ síta bí òrùlé, ìlà òkè rẹ̀ sì ti fẹ̀ tó ohun tí ọwọ́ lè wọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: Àṣàkẹ́, ọjọ́ ọjà, ìtàn tí wọ́n rò sọ, agbọ̀n amọ̀ àti àpáàdì tí wọ́n gbé sílẹ̀. Mo ní, "Ilẹ̀ tó lè wó ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹnì kankan."

"Ẹnì kankan rárá?"

"Rárá."

Mo rí i bí ẹ̀rù ṣe kúrò lójú rẹ̀. Inú mi dùn. Ó jọ mí lójú pé mo ti parí ohun tí Màmá Àgbà kò lè parí. Dúpẹ́ já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n wá àpáàdì Màmá!"

"Dúpẹ́! Padà! Ilẹ̀ yẹn máa wó!"

Ó ń rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, kò mà tíì wó látọjọ́ yìí!" Ó ti wà lábẹ́ òjìji òrùlé ihò náà. Yẹ̀pẹ̀ dà sílẹ̀ lára ìlà yẹn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó dáwọ́ dúró. Mi ò lè sáré débẹ̀ kó tó wọlé. Mo ti sọ gbogbo òótọ́ tí mo mọ̀, kò ku ẹyọ kan lọ́wọ́ mi.

"Dúpẹ́," ni mo wí, jẹ́jẹ́, "ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ."

Ó dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lókè, kò lè gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí padà, ó fi orí ìka ẹsẹ̀ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá bá mi, ojú rẹ̀ ti funfun. Mo dì í mú. A jọ rìn délé, àwa méjèèjì, a kò sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa dún.